Ìjọ Ọkọ̀ Ìtùnú Gba Ilẹ̀kùn Tuntun

Ọjọ́ tí ọkọ mi gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́gi dé láti Alaba, fíríísà mi ni wọ́n kọ́kọ́ lé kúrò nílé. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni a ní ní Okokomaiko: èmi ń ta ẹja yìnyín níwájú, Adéṣínà ọkọ mi ń kan ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà gùn bíi bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, irin gbọọrọ kan sì wà lókè rẹ̀ tí ń rìn síwá sẹ́yìn, tí ó di irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ó fi ń gbẹ́gi mú bí ẹni di abẹ́rẹ́ mú. Kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ ibi tí yóò lọ fún un. Kò gba ẹ̀yìn, iwájú ni ó gbà. Wọ́n gbé fíríísà mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀, àwọn oníbàárà mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹja wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rà á.

"Àyìnkẹ́, fara balẹ̀," ni ọkọ mi wí. "Òdòdó tí mo máa fi ọ̀sẹ̀ kan gbẹ́ sára igi, ẹ̀rọ yìí máa gbẹ́ ẹ kí ọbẹ̀ rẹ tó jinná."

"Ṣé ó máa ta títùs?"

"Kò ní ta títùs."

"Kí ló wá ń ṣe ní àyè títùs?"

Kàsúmù ni ó bá wa lẹ́nu ìjà yìí. Àgbò ni Kàsúmù ń tà ní Alaba Rago, ṣùgbọ́n tí Iléyá bá ti kọjá, irin àlòkù ni ó ń rà kiri. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ó gbá a lẹ́yìn, ó tẹ ìhà rẹ̀ wò bí ẹni ń wá ọ̀rá lára àgbò.

"Ó sanra," ni ó wí. "Ìyá Dámilárá, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó lọ, ẹ pè mí. Mo máa gbé e láàyè."

Ojú rẹ̀ ni a ti ṣe àdéhùn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ìjọ Ọkọ̀ Ìtùnú, tí ó wà lọ́nà Iba, ti ní kí Adéṣínà ṣe ilẹ̀kùn ńlá fún àwọn, kí orúkọ ìjọ àti àwòrán ọkọ̀ ojú omi wà lára rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, tí ìjọ sì gbà á, ẹ̀rọ dúró, èmi á wá ibòmíràn fún ẹja mi. Tí ìjọ bá kọ̀ ọ́, Kàsúmù á gbé ẹ̀rọ lọ, fíríísà mi á padà síwájú títì. Adéṣínà na ọwọ́, mo bọ̀ ọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti ń rí fíríísà mi lójú ìran níbi tí ó ti padà sí àyè rẹ̀.

Sọ́fítíwià tí ó bá ẹ̀rọ náà wá, jíjí ni wọ́n jí i. Ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá kọ ọ̀rọ̀ pupa sójú kọ̀ǹpútà pé kí a lọ san dọ́là, láti ọjọ́ náà kò ṣí mọ́. Adéṣínà jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí. Èmi ń kọrin lábẹ́lẹ̀ nídìí ẹja mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi lọ sí Iyana-Iba, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ̀wé. Nígbà tí ó padà dé, fláàṣì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

"Ọ̀fẹ́ ni," ó ní. "Èyí tí wọ́n fi ń yàwòrán, ọ̀fẹ́. Èyí tó ń sọ àwòrán di àṣẹ, ọ̀fẹ́. Èyí tó ń ka àṣẹ náà sí ẹ̀rọ létí, ọ̀fẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ pupa kankan mọ́."

"Ta ló ṣe é?"

"Àwọn èèyàn ni."

"Àwọn èèyàn wo?"

"Káàkiri ayé. Wọ́n jókòó sílé wọn, wọ́n ṣe é, wọ́n ní kí ẹni tó bá wù máa lò ó. Wọ́n tún ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó bá gbọ́n jù wọ́n lọ lè tún un ṣe."

"Wọn ò níyàwó ni?"

Ọkọ mi ronú sí i díẹ̀. "Bóyá ni wọ́n ní," ó ní.

Wòlíì Bánkọ́lé, olórí ìjọ wa, wá wo bí iṣẹ́ ilẹ̀kùn ṣe ń lọ. Ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ èérún igi. Adéṣínà, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ náà fún un. Wòlíì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Ọ̀fẹ́? Ní Èkó yìí? Arákùnrin Adéṣínà, ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀?"

"Wòlíì, àwọn òyìnbó tí wọ́n kàn fẹ́ràn iṣẹ́ ni."

"Irú wọn kì í gbowó lójú ayé. Ojú àlá ni wọ́n ti máa ń wá gbà á."

Ó yọ ìgò omi àdúrà nínú àpò. Kí ọkọ mi tó lè sọ pé "Wòlíì, iná wà níbẹ̀," omi ti dà sórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà sọ pé fíì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ké?" ni Wòlíì wí. "Ó ti jáde."

Inú ìrẹsì mi ni Adéṣínà bo kọ̀ǹpútà náà mọ́lẹ̀ kí omi lè gbẹ lára rẹ̀. Nígbà tí ó jí, ọjọ́ ìkórè tí wọ́n fẹ́ fi ṣí ilẹ̀kùn náà ti sún mọ́lé, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwàǹwára ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ṣe é.

Ó wá àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí kò ní owó. Ẹni tí ó ya èyí tí ó rí, láti òkè ni ó ti wò ó, bí ẹyẹ ṣe máa rí i: ara rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ rí rogodo, ẹ̀rọ róbótó méjì sì wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó tẹ́ pákó ọ̀gánwó gbọọrọ sórí ẹ̀rọ, ó sì tẹ́ ọkọ̀ náà gbọọrọ sórí pákó. Bí pákó ṣe dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ dùbúlẹ̀ bákan náà, ó dára lójú. Kò wá sí i lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan ilẹ̀kùn á dìde dúró, àti pé ohun tó bá wà lára rẹ̀ á bá a dìde.

Orúkọ ìjọ ni ó kọ sókè. Ó kọ ọ́ tàmì-tàmì nínú kọ̀ǹpútà, mo rí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó sanra máa ń pẹ́ kí ẹ̀rọ tó gbẹ́ ẹ tán, ó bá pààrọ̀ rẹ̀ sí lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ olójú ìlà kan. Lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò mọ àmì. Gbogbo èyí tó wà lókè àti lábẹ́ ló gbọ̀n dànù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Adéṣínà kò rí i, èmi náà kò rí i. Gbogbo pátákó tó wà láti Iyana-Iba dé Ojo, èwo ló ní àmì lábẹ́? Ó ti mọ́ ojú wa lára láti máa fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà gbẹ́gi. Kí n sọ òótọ́, ó dùn-ún wò. Lẹ́tà rẹ̀ gún bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Adéṣínà fi ọ̀dà wúrà kun inú gbogbo ibi tó gbẹ́, ó fi aṣọ funfun wé ilẹ̀kùn náà, wọ́n sì gbé e lọ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà yẹn gba ilẹ̀kùn méjì tó pàdé ara wọn láàárín. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi dí apá kejì ná.

Lọ́jọ́ ìkórè, àlejò kún títí dé ọ̀nà. Àwọn ọmọ ogun tó ń fun fèrè wá láti bárékè wọn ní Ojo. Wòlíì lu agogo, ó gbàdúrà, ó fa aṣọ funfun.

Gbogbo wa na ọrùn.

Ìyá Ọmọ́yẹlé ni Ìyá Ìjọ wa. Láti ìgbà tó ti ra awò ojú, kì í rí ohun tí wọ́n kọ kó má kà á sókè, ìbáà ṣe ara ike ọṣẹ. Ó ti awò sókè imú, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ijó..." ó ní. "Ijó o... o kó..."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìtùnú!" ni afunfèrè kan láàárín àwọn ọmọ ogun bá a parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lára ilẹ̀kùn: IJO OKO ITUNU. Àmì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà ni ó ya ọkọ̀ ojú omi sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkùnrin ń gbé sínú ṣòkòtò. Bóyá à bá rí i fojú fò, bí a ṣe ń fojú fo ti gbogbo pátákó yòókù. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni ọkọ̀ wa dúró ṣánṣán sí, ó gùn, ó ń dán gbinrin pẹ̀lú ọ̀dà wúrà, orí rẹ̀ rogodo kọjú sí ọ̀run, ìdí rẹ̀ sì ní róbótó méjì.

Ẹ̀rín tó bú nígbà yẹn, wọ́n gbọ́ ọ níbùdókọ̀. Sójà kan rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Wòlíì sáré lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn kó lè fi ara bo àwòrán náà, ìyẹn ló sì bà á jẹ́ pátápátá, nítorí róbótó méjèèjì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Arákùnrin Adéṣínà!" ó ń pariwo. "Tí nǹkan yìí bá ṣì wà lára ilẹ̀kùn yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn á padà sílé ẹ, ìwọ náà á sì bá a lọ!"

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Kàsúmù ti dé pẹ̀lú okùn lọ́rùn.

"Mo gbọ́ ní Alaba Rago," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ti bàlágà."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun tí mo fẹ́ náà ló ń bọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò jẹun, kò sì fi òòlù kan ìṣó kankan. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ń kí mi káàkiri: "Ìyá Ìtùnú, ẹ kú ìtùnú o!" Oníbàárà kan tí mo máa ń fi ẹja kún ẹja fún béèrè bóyá ẹja nìkan ṣì ni mo ń tà. Mo wá rí i pé tí Kàsúmù bá gbé ẹ̀rọ yẹn lọ báyìí, orúkọ tí wọ́n fún wa kò ní bá a lọ. Ọ̀dọ̀ wa ló máa gbé.

"Kàsúmù, ká okùn ẹ," mo ní. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Wòlíì dá."

Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń lo sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ yìí ti máa ń bi ara wọn léèrè. Adéṣínà kọ síbẹ̀ pé lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ wọn jẹ àmì abẹ́ òun. Ọkùnrin kan láti Fínlándì dá a lóhùn pé: ṣebí àmì kékeré lásán ni, ṣé ó ṣe pàtàkì?

Èmi àti ọkọ mi wo ara wa.

"Sọ fún un," mo ní.

"Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un? Mi ò mọ ọkùnrin náà rí!"

"Ó ṣiṣẹ́ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, o ò wá lè sọ òótọ́ fún un?"

Adéṣínà kọ ọ́, ojú ń tì í. Ó fi fọ́tò ilẹ̀kùn náà ránṣẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ará Fínlándì padà kọ̀wé, ó ní ẹ̀rín tí òun rín ló mú kí ìyàwó òun sáré wá láti ilé ìdáná.

"Wọ́n níyàwó," mo ní.

Ó ṣàlàyé pé ẹnì kan ló fi ọwọ́ fa lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn níkọ̀ọ̀kan, ẹni náà kò sì pàdé Ọ rí láyé rẹ̀. Òun á fa á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ti gbẹ́ tán kò nílò lẹ́tà tuntun. Kí ni àmì abẹ́? Ihò ni. Kí a sọ fún ẹ̀rọ pé kó lọ síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀, kó dìde. Ó kọ ìlà díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láti fi ṣe àpẹẹrẹ.

Mo tẹjú mọ́ àwọn ìlà náà. X ni ọ̀tún òun òsì. Y ni iwájú òun ẹ̀yìn. Z ni òkè òun ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kò ju bí èèyàn ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́ lọ. Ọkọ mi fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń bẹ̀rù kó má lọ ba ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ní jẹ́. Èmi ni mo mú rúlà, mo wọn abẹ́ O kọ̀ọ̀kan, mo sì jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ẹ̀rọ.

Ara àjákù igi la ti kọ́kọ́ dán an wò. Mo sọ fún un pé kó lọ, mo sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀. Mo gbàgbé láti sọ fún un pé kó dìde. Ó fi ẹnu fa ìlà láti O àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, bí ẹni fẹ́ pa gbogbo wọn rẹ́.

"Ó ṣe ohun tó o ní kó ṣe," ni ọkọ mi wí.

"Ó yẹ kó mọ̀ pé kò yẹ kó ṣe é!"

"Ìwọ àti Dámilárá náà lẹ jọ ń jà lórí èyí."

Mo fi "dìde" sí gbogbo ibi tó yẹ. A padà gbé ilẹ̀kùn wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, a fi aṣọ bò ó bí òkú. Ẹ̀rọ náà lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde. Ó lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde. Nígbà tó fi máa parí, àmì ti wà lábẹ́ gbogbo O. Mo fi ìka kàn wọ́n. Wọ́n ṣì gbóná.

Ní ti àwòrán, Adéṣínà gbẹ́ ara ọkọ̀ náà kúrò, ó fi ọ̀gánwó tuntun dí ojú rẹ̀, ó fá a dán. Róbótó méjì yẹn nìkan ló kù nísàlẹ̀. Àkókò kò sí mọ́ láti dí wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí wọ́n jẹ́, ó bá tún wọn kùn ní wúrà.

Nígbà tí Ọjọ́ Àìkú pé, kò sí agogo, kò sí fèrè. Kàsúmù tó jẹ́ mùsùlùmí wà lóde pẹ̀lú okùn rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ni òun ń gbà. Wòlíì ṣí aṣọ díẹ̀, ó yọjú, ó tún ṣí i díẹ̀. Ìyá Ọmọ́yẹlé ti awò sókè.

"Ìjọ..." ó ní. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. "Ìjọ Ọkọ... Ìtùnú."

Mo rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Abẹ́ nìkan ni mo fi àmì sí. N kò fi nǹkan kan sókè. Ọkọ̀ ojú omi kò sí níbẹ̀. Ọkọ ni ó wà níbẹ̀, ọkọ tí ń fẹ́yàwó, tí ń ṣe ìtùnú. Òrùka wúrà méjì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ọkọ ìtùnú!" Ìyá Ọmọ́yẹlé tún un kà. "Òrùka rè é! Ẹ̀yin omidan, ẹ ṣàmín!"

Àwọn akọrin obìnrin bú sí "Àmín!" Ọ̀kan kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, òmíràn fọwọ́ kan òrùka, ó fi ọwọ́ náà nu orí. Wòlíì ti la ẹnu láti bínú, ó rí i bí àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ṣe ń yà wọlé, ó bá pa ẹnu dé. Kí ìsìn tó parí, wọ́n ti ń béèrè ọjọ́ tí àdúrà ọkọ máa ń wáyé.

Mo lọ bá a. "Wòlíì, ẹ má bínú. Ó ku àmì kan lókè. Ìlà kékeré ni. Mo lè kọ ọ́ lónìí, á sì padà di ọkọ̀ ojú omi."

"Arábìnrin Àyìnkẹ́, má fọwọ́ kan ohun tí ẹ̀mí kọ."

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà."

"Nínú ẹ̀mí ni."

Adéṣínà ti ń fò sókè. "Ìjọ ti gbà á! Àdéhùn la ṣe!"

"Orúkọ tí wọ́n ní kí wọ́n kọ kọ́ nìyẹn," Kàsúmù sọ láti òde. "Ìyá Dámilárá, ẹ̀yin lẹ jàre. Ṣé kí n máa lọ gbé e?"

Òótọ́ ni Kàsúmù sọ, ọ̀rọ̀ sì kù sí mi lọ́wọ́. Mo wo ilẹ̀kùn náà, mo wo òkè O tó ṣófo. Bí òwò mi ṣe ń rùn lọ́dọ̀ ilé ìtọ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá lọ, ta ló máa kọ àmì yẹn? Mo ti kọ ohun tí kò pé, mo sì mọ ibi tí ó ti ṣẹ́ kù.

"Máa lọ, Kàsúmù," mo ní. "Mi ò tíì parí."

Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn Iléyá. Mo gba àyè kékeré lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì tó wà lójúde fún fíríísà mi.

Kò pẹ́, Wòlíì ní èrò ti pọ̀, kí a wá ṣe ilẹ̀kùn apá kejì, kí ó jọ ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ará Fínlándì ti fa Ọ, Ẹ àti Ṣ nígbà náà, pẹ̀lú gbogbo àmì orí wọn, ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá wù. Èmi ni mo kọ ilẹ̀kùn kejì. Mo fi àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Wòlíì rí i. "Ta ló ní kó o fi ìlà yìí sókè?"

"Sọ́fítíwià ló fi í síbẹ̀, sà. Ọ̀fẹ́ ni, a ò mọ ẹni tí a máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn."

Ó fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n Ìyá Ọmọ́yẹlé ti dé iwájú ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú awò rẹ̀, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e. Ó ka ilẹ̀kùn apá òsì. Ó ka ti apá ọ̀tún. Ó tún padà sí ti òsì, ó fi ìka wé méjèèjì.

"Ọkọ," ó ní. "Ọkọ̀." Ó yíjú sí wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọkọ tó ní ọkọ̀! Kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ lásán ni Ọlọ́run fẹ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi! Ọkọ onímọ́tò!"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ti ojú omi ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mi nínú ariwo àmín.